Irin tí a fi ń ṣán ọ̀dàn: ìtàn àdá àti àáké ní ìhà Ìgànná

Bí ènìyàn bá ti Ìsẹ́yìn dìde, tí ó dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, tí ó gba Òkèihò kọjá títí ó fi dé Ìgànná, yóò ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ tí òun ń rìn lórí rẹ̀ kì í ṣe igbó ńlá bí ti ilẹ̀ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pápá koríko lásán. Ọ̀dàn ni. Koríko ibẹ̀ a máa ga bo ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò, ṣùgbọ́n láàárín koríko náà ni igi gbé dúró: ẹmi, igbá, ayin, àpá, ìrà, orúpa, àbàfẹ̀, àti àwọn igi kéékèèké ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n hù pọ̀ bí ẹni pé a fi okùn dì wọ́n. Lọ́dọọdún ni iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó wọn, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń tún hù. Ohun tí ó wà lókè ilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún kan, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí ó gbé e dúró lè ti dàgbà ju àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gé e lọ. Nítorí náà ni ṣíṣán ọ̀dàn fi yàtọ̀ sí ríro koríko. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò bá koríko rírọ̀, ọ̀pá tútù àti igi líle pàdé láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, irin kan ṣoṣo kò sì tó fún gbogbo wọn.

A rántí ọjọ́ kan nígbà tí a wà ní ilé-ìwé. Olùkọ́ wa pàṣẹ pé kí olúkúlùkù mú àdá wá láti ilé, nítorí a fẹ́ ṣán ilẹ̀ tí a óò gbin iṣu sí ní oko ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mú àdá titun wá. Ó gùn, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń dán. Òmíràn mú àdá bàbá rẹ̀ àgbà wá. Ó kúrú, ó dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn. A fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní òwúrọ̀, kò sí ẹni tí ó lè bá aládàá titun dọ́gba; koríko ń wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dé ìdí ayin kan tí a ti gé rí, tí èéhù líle tí ó tó ọrùn ọwọ́ ti yọ yí i ká. Ó gbé àdá sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣá a. Àdá náà kò wọlé. Ó tẹ̀, ó ta padà, ó sì là á ní ojúgun. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni a gbé e lọ sí ilé.

Àgbẹ̀ arúgbó kan, tí oko rẹ̀ bá ti ilé-ìwé pààlà, wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó mú àdá náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ká bí ọrun, ó tú u sílẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bú àdá. Ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.” Egbò ẹlẹgbẹ́ wa jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà títí di òní, ọ̀rọ̀ arúgbó náà sì wà ní ọkàn wa. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí a kọ́ bí a ti ń mọ irin yàtọ̀ sí irin. A mọ òpin odò Náílì, a mọ orúkọ àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n a kò mọ àdá tí ó wà ní ọwọ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ìtàn rẹ̀, tí a sì fi rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohun tí a rí.

Kí irin tó dé, òkúta ni àwọn ènìyàn ń lò. Títí di ìsinsìnyí, bí àgbàrá bá wọ́ ilẹ̀ oko lọ, àgbẹ̀ a máa rí òkúta dídán kan tí ó rí bí ẹnu àáké. Ẹdùn àrá ni a ń pè é, àwọn baba wa sì gbà pé Ṣàngó ni ó sọ ọ́ láti òkè nígbà tí àrá sán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wú ilẹ̀ láti mọ ìtàn ti fi yé wa pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, tí ó sì fi òkúta mìíràn yún un títí ó fi mú. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wú ilẹ̀ inú ihò àpáta kan tí à ń pè ní Ihò Eléérú, èyí tí ó wà ní ìhà Àkúrẹ́. Ó bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀ tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó ju 11,000 ọdún lọ, pẹ̀lú àìmọye òkúta kéékèèké tí a là fún gígé nǹkan. Ní apá òkè ilẹ̀ ihò náà, èyí tí kò pẹ́ tó ti ìsàlẹ̀, ni ó ti bá àáké òkúta yíyún àti àpáàdì ìkòkò pàdé. Láti ìgbà pípẹ́ náà ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ti ń bá igi jà.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín. A rí àáké òkúta, ṣùgbọ́n a kì í rí àdá òkúta. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òkúta le, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Bí a bá mú un gùn tí a sì mú un fẹ́lẹ́, ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi ṣá igi ni yóò dá sí méjì. Nítorí náà ni àáké òkúta fi kúrú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn, tí ó fi jẹ́ pé fífọ́ ni ó ń fọ́ igi ju gígé lọ. Irin nìkan ni ó lè gùn, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó sì tún tẹ̀ láìdá. Nítorí èyí, nígbà tí irin dé, kì í ṣe pé a kàn fi àáké titun rọ́pò àáké àtijọ́. Ohun kan tí ayé kò ní rí ni ó dé, èyíinì ni àdá. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ tí ó ṣì wà pẹ̀lú wa: báwo ni irin yóò ti nípọn tó?

Irin ti pẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, Bernard Fagg wú ojú ibi tí a ti ń yọ́ irin jáde, a sì mọ̀ pé a ti ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ ní nǹkan bí 400 sí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, iléru wà káàkiri, ìyẹn ni ilé tí a ń gbé yọ́ òkúta irin. Ìdàrọ́ tí a dà sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà sì ṣì ń fi ibi tí wọ́n wà rí hàn wá. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy lọ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní abúlé Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1904. Ó rí i pé iṣẹ́ irin ni gbogbo abúlé náà ń ṣe, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n ń fi iná sun ún, wọ́n ń gún un, wọ́n ń ṣàn án ní odò kí iyanrìn lè bọ́ kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń dà á sínú iléru pẹ̀lú èédú. Iná náà kì í sì í kú ní ọ̀sán tàbí ní òru títí irin yóò fi jọ pọ̀. Onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, yẹ irin náà wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé kì í ṣe irin rírọ̀ lásán. Irin líle gidi ni.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà nínú ògo rẹ̀, Ìgànná kì í ṣe ìlú kékeré. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi Sàbìgànná ti Ìgànná ṣe olórí àwọn ọba Ẹkùn Ọ̀tún, àwọn bíi Ọ̀kẹ́rẹ̀ ti Ṣakí, Aṣẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn àti Oǹjò ti Òkèihò. Ìlú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní láti jẹun, kò sì sí oúnjẹ láìsí oko, kò sì sí oko láìsí irin tí a fi ṣán an. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó mú idà lọ sí ogun nìkan ni ó ń gbé ìlú ró. Ẹni tí ó jókòó ti ẹwìrì nínú àgbẹ̀dẹ, àti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀dàn, àwọn pẹ̀lú gbé e ró.

Irin ṣọ̀wọ́n ní àkókò náà, nítorí làálàá tí a ti sọ. Ọkọ́ tí ó bá jẹ tán kì í di ohun àsọnù. Alágbẹ̀dẹ a tún un rọ, a di ọ̀bẹ. Ọgbọ́n sì wà nínú bí a ti ń lo irin díẹ̀ fún iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ wo àáké wa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ ìtàn tí ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, nípa àwọn ọmọ wòlíì tí ń gé igi ní etí Jọ́dánì, tí irin àáké ọ̀kan nínú wọn yọ tí ó sì jábọ́ sínú odò. Àáké tí irin ní ihò, tí a ń ki igi bọ̀ ọ́, ni a mọ̀ sí irú èyí tí ń yọ bẹ́ẹ̀; bí igi rẹ̀ bá gbẹ, tí ó sì sún kì, irin a máa fò kúrò. Ní ti àáké Yorùbá, igi ni ó ní ihò. A wá igi tí orí rẹ̀ ní kókó, a lu kókó náà jádè, a sì ki ìdí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀. Nígbàkúgbà tí a bá fi ṣá igi, ńṣe ni irin ń wọ inú kókó náà sí i; bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ ni ó ń le sí i. Irin rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, ṣùgbọ́n kókó igi náà fún un ní ìwúwo. Ẹni tí kò ní irin púpọ̀ ni ó mọ èyí rò.

Nísinsìnyí a dé ìgbà tí irin òkèèrè wọlé. Àwọn oníṣòwò òkun ti ń kó ọ̀pá irin wá sí etí òkun Áfíríkà láti ayé àwọn Pọtogí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1800 ni àdá tí a ti ṣe tán bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Collins bẹ̀rẹ̀ ní 1826 pẹ̀lú àáké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àdá ní 1845; títí ó fi ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1966 ni àdá rẹ̀ ń lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru. Ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale ń ṣe àdá tí ó ní àmì ọ̀nì lára. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù irin kò ní orí ènìyàn nìkan mọ́ láti gùn dé ẹ̀yìn odi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ mọ́tò gbé e dé Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn. Johnson ti rí ohun tí ń bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn Òyìnbó tó dé, ohun gbogbo tí a fi irin ṣe, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́, ni a ń rọ nílé. Ṣùgbọ́n ti òkèèrè rọjú, ó sì wu ojú, bí kò tilẹ̀ pẹ́ tó ti ilé, ó ń lé ti ilé kúrò lọ́jà. Iléru kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò fi òru àti ọ̀sán dáná fún irin tí ó lè fi owó díẹ̀ rà lọ́jà.

A kò wí pé àdá òkèèrè burú. Ó mú, ó rọrùn láti gbé, ó sì dín àárẹ̀ àgbẹ̀ kù nínú koríko. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é mú àbùkù kan wá. Láti ara irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ni a ń gé irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀, nítorí náà ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti ìdí èèkù dé ṣóńṣó. Alágbẹ̀dẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òun lè fi irin púpọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn àdá àti ní ìdí èèkù, kí ó sì nà án tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ojú àti sí orí. Ó ń fi irin sí ibi tí iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú àdá méjì tí gígùn wọn dọ́gba tí fífẹ̀ wọn sì dọ́gba. Kí ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 2, kí èkejì nípọn ní mìlímítà 4. Ìwúwo èkejì jẹ́ ìlọ́po 2 ti èkíní. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n, agbára tí yóò tẹ èkejì jẹ́ ìlọ́po 8, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó sọ ìnípọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 péré ni, yóò ṣòro láti tẹ̀ ju èkíní lọ ní ìlọ́po 3 ó lé díẹ̀. Ẹ rí i pé irin tín-ín-rín tí ojú kò kà sí ni ó ya àdá tí ń wọ igi sọ́tọ̀ kúrò lára àdá tí ń ta padà sí ojúgun ẹni.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi máa lo èyí tí ó nípọn fún ohun gbogbo? Ìyára ni ìdáhùn rẹ̀. Agbára tí ó wà nínú irin tí a jù ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, agbára náà a di ìlọ́po 4. Koríko kì í dúró de àdá. Kò ní egungun tí ó fi lè dúró. Bí àdá bá lọ́ra, koríko a kàn tẹrí ba níwájú rẹ̀, a sì tún dìde lẹ́yìn rẹ̀. Àdá fífẹ́lẹ́ tí ó gùn ni ó lè yára tó láti gé e kí ó tó rí ààyè tẹ̀. Igi kì í tẹrí ba bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó sì di irin mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà irin tí yóò wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo, kò gbọdọ̀ mì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọdọ̀ nípọn tó láti la ojú ọgbẹ́ náà sí méjì bí ó ti ń wọlé. Ẹni tí ó fi àdá ńlá ṣán koríko yóò rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí ó fi àdá fífẹ́lẹ́ dojú kọ igi yóò ṣèṣe.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò ká ọwọ́ gbera. Nígbà ogun 1939 sí 1945, nígbà tí ọjà òkèèrè wọ́n, àti lẹ́yìn náà nígbà tí ọkọ̀ mọ́tò àkúfọ́ pọ̀ ní ẹ̀bá títì, wọ́n rí i pé irin pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, èyí tí a ń pè ní sípíríìǹgì, jẹ́ irin líle tí a ṣe láti máa tẹ̀ láìdá. Wọ́n gé e, wọ́n fi í sínú iná, wọ́n rọ ọ́ di àdá. Bí a bá ti rọ ọ́ tán, a fi ojú rẹ̀ pọn nínú iná, a rì í sínú omi tàbí epo kí ó le, a sì tún fi ooru díẹ̀ tù ú kí ó má baà fọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba omi tó ojú rẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Àdá bẹ́ẹ̀ kì í dán. Ẹni tí ń fi ojú ra ọjà yóò kọjá lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ni èyí tí a fi ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ náà.

Ohun tí a rí kọ́ ní ti yíyan irin nìyí. Fún koríko àti èkan, kí a mú àdá tí ó gùn tí ó sì fẹ́lẹ́, kí a sì pọ́n ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Fún èéhù tí kò ju àtàǹpàkò lọ, àdá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó. Fún igi tí ó tó ọrùn ọwọ́, kí a mú àdá kúkúrú tí ó wúwo tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, kí a má sì pọ́n ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, nítorí ojú tí ó fẹ́lẹ́ jù a máa ká lára igi líle. Kí a má ṣá a ní ìbú gbọọrọ. Kí a dà á ní ẹ̀gbẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irin ń gba àárín okùn igi kọjá. Fún igi tí ó bá ju èyí lọ, kí a gbé àdá sílẹ̀ kí a mú àáké. Kò sí ìtìjú nínú pípadà lọ sí ilé lọ mú irin tí ó yẹ. Fún igi ẹlẹ́gùn-ún, kí a fi ọ̀pá oníkọ̀ọ́ fà á kúrò ní ara ara wa kí a tó gé e. Ibikíbi tí a bá sì gé èéhù, kí a gé e sún mọ́ ilẹ̀, nítorí kùkùté tí a fi ṣóńṣó sílẹ̀ yóò gún ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bóyá ọmọ wa ni.

Àkókò pẹ̀lú ní irin tirẹ̀. Igi tí a gé nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń tún yọ pẹ̀lú agbára, nítorí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n èyí tí a gé lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti mú kí ó yọ ewé tán ti ná ohun tí ó fi pa mọ́. Kì í tètè gbérí. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ kí igi kan kú, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yọ ewé. Bí a bá fẹ́ kí ó tún hù fún igi ìdáná, kí a gé e nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ni mímọ èyí tí a kò gbọdọ̀ gé. Nínú oko Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ àtijọ́ a máa dá ẹmi àti igbá sí. Ẹmi kì í so kí ó tó di ọmọ ọdún 15 tàbí 20. Ẹni tí ó bá gé e ti gé òrí àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ara igbá ni a ti ń rí irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Òfin ìlú nìkan kọ́ ni ó dá wọn sí. Irin pàápàá dá wọn sí. Láti fi àáké wó ẹmi ńlá kan, ọjọ́ kan lè má tó. Ẹni tí yóò fi òógùn ara rẹ̀ san owó igi kan yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bí igi náà tó bẹ́ẹ̀ láti gé. Làálàá a máa fún ènìyàn ní àkókò láti ronú.

Ní ọjọ́ wa, àkókò ìrònú náà ti kúrò. Ní 1937 ilé-iṣẹ́ tábà ṣí ní Ìbàdàn, gbígbin tábà sì gbilẹ̀ ní ìhà Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn. Ewé tábà tí a ń fi iná gbẹ ń jẹ igi ìdáná púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ayùn tí ń fi epo ṣiṣẹ́ dé, òwò èédú sì dàgbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò èédú ni ó ń ti Òkè-Ògùn lọ sí àwọn ìlú ńlá àti sí òkè òkun. Igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kòsó di ohun tí a ń wá kiri tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé, nígbà tí wọ́n péjọ ní Johannesburg ní 1916 ó lé 100, èyíinì ni 2016, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ tà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Ìjọba ti ya apá kan ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ fún igi àti ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oko wà, ibẹ̀ ni ayùn sì ti ń ké. Igi tí ó ti rí bàbá wa àgbà lè ṣubú kí ọmọ tó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán.

A kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn pé kí ó padà sí ẹdùn àrá. Ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí àdá titun ẹlẹgbẹ́ wa ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú koríko. Ohun tí a ń sọ ni pé irin tí ó bá mú jù fún iṣẹ́ léwu bí irin tí kò mú tó. Ọ̀kan ṣe ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ léṣe. Èkejì ṣe àwọn tí a kò tíì bí léṣe. Ìbéèrè arúgbó náà sì bá àwọn méjèèjì wí: ta ni ó rán an níṣẹ́, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ sì ni?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ mú àdá wá, ẹ kó wọn lọ sí àgbẹ̀dẹ tí ó sún mọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ gbé irin wò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wo dídán rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ sọ fún wọn ohun tí ó ń fà yọ níbi tí ó ń lù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn dé etí oko, kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ igi tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya èyí tí yóò dúró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí yóò lọ. Bí wọ́n bá ti mọ èyí, nígbà náà ni kí ẹ fún wọn ní àyè láti gbé irin sókè. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá sì rí ọmọ kan tí ó mú àdá dúdú kúkúrú wá láti ilé bàbá rẹ̀ àgbà, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dúró de ọ̀sán.